Ilà Ojú Ibà

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, kí òjò má pa yín. Inú ń bí mi lónìí, n kò sì ní purọ́ fún yín pé kò bí mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ káàkiri àdúgbò pé ibà tó wọ̀lú yìí, àwọn àlejò ìsàlẹ̀ odò ló kó o wá. Ta ló rí i lọ́wọ́ wọn? Ta ló pàdé rẹ̀ lọ́nà tó bi í léèrè ilé baba rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ẹ wá ń tọ ipasẹ̀ ohun tí ojú kò rí! Èmi tí mo pa erin nígbà tí àwọn bàbá yín ṣì ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko, n kò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò láìwádìí. Nítorí náà, ẹ panu mọ́. Ìtàn mi wọ igbó lọ, ó jáde nínú igbó, kò gbé ẹran bọ̀, ẹ̀rí ló gbé bọ̀.

Ọdẹ́gbàmí ará Òkè-Ọ̀sán ni ẹni tí mò ń wí, òun ló kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ọkùnrin náà lè wo ojú ilẹ̀ kó sọ fún ọ pé àgbọ̀nrín tó kọjá lánàá, abo ni, ó lóyún, ẹsẹ̀ òsì sì ń dùn ún. Bí o bá jiyàn, á mú ọ lọ bá ẹran náà, á sì bú ọ títí ẹ ó fi padà délé. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Abà Ẹlẹ́ní. Abà yìí wà ní òdìkejì odò, lẹ́bàá àbàtà, ẹní híhun sì ni iṣẹ́ wọn. Kò sí ilé kan ní Òkè-Ọ̀sán tí kò sùn lórí ẹní wọn.

Ní ọdún kan, ibà kan wọ Òkè-Ọ̀sán. Kì í ṣe ibà tí à ń fi àgbo lé lọ. Ẹni tó bá mú, ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n bí èso ìyeyè, á máa bì, èébì rẹ̀ á dúdú, lẹ́yìn ìyẹn, sàréè ló kù. Ọmọdé ń lọ, àgbà ń lọ. Ìlú wá ẹni tí wọn ó dì mú. Wọn kò rí ibà dì mú, ni wọ́n bá di àwọn ará Abà Ẹlẹ́ní mú.

Ọ̀tún Làgbàyí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba. Ọ̀tún ni igbákejì ọba, ọba sì ti darúgbó, kò jáde mọ́, nítorí náà ohun tí Ọ̀tún bá ti wí ni abẹ gé.

Ó ní, “Inú àbàtà ni wọ́n ń gbé. Inú ìdọ̀tí ni àìsàn ti ń wá. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó sun abà wọn, wọn ó sì kó lọ sí ibi tí wọ́n bá mọ̀. Obìnrin wọn tó bá wà nílé ọkọ níhìn-ín náà á bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé ọmọ dání. Ọmọ tiwa ni.”

Ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kan Àwẹ̀ró létí. Kò sunkún. Ó yí ọmọ sí ọmú kejì, ó wá gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ọdẹ́dínà, ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Ọmọ tí kò tíì jáwọ́ lọ́mú ni wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Ilé bàbá mi ni wọ́n fẹ́ sun. Kí lẹ máa ṣe sí i?”

Inú bí Ọdẹ́gbàmí. Ó fi ẹ̀wù kọ́rùn, ó gba ilé Ọ̀tún lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí pé bó ti wù kí inú bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó, á kọ́kọ́ kí àgbà kó tó sọ̀rọ̀ sí i.

Ó ní, “Ẹ kú ilé, Baba. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kan àwọn àna mi, ẹ̀rí rẹ̀ dà?”

Ọ̀tún wo àwọn ìjòyè tó yí i ká, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rí? Ṣebí ìwọ lò ń fọ́nnu kiri pé kò sí ipasẹ̀ tí o kò lè tọ̀. Lọ tọ ipasẹ̀ ibà fún wa. Bí o bá mọ ilé tó ti jáde, wá sọ ọ́ lọ́jọ́ ọjà. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, bá ìyàwó rẹ di ẹrù rẹ̀.”

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín yẹn ló mú kí Ọdẹ́gbàmí pinnu. Ó ní, “Mo gbà. N ó tọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ẹni tí ipasẹ̀ náà bá já sí, kó má pè mí ní ọ̀tá o.”

Ẹ wo bí ó ti ṣe é. Ó kó àwọn àdó kéékèèké tó ń rọ oògùn sí, ó gbọ̀n wọ́n nù. Ó ń lọ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn, ó ń wá ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ yó tó sì fara ti ògiri, nítorí pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá wà ni ibà wà. Á rọra fi ẹnu àdó bò ó, á fi òwú dí i, á sì so fọ́nrán aṣọ aláìsàn ilé náà mọ́ ọn lọ́rùn, kí ti ẹnìkan má baà wọnú ti ẹlòmíràn. Ó mú ní ilé àwọn agégẹdú tí ibà kọ́kọ́ dá dùbúlẹ̀. Ó sọdá odò, ó mú ní Abà Ẹlẹ́ní. Nígbà tó dé agbo ilé Ọ̀tún, àwọn ẹ̀ṣọ́ lé e. Ìyàwó Ọ̀tún tó ń jẹ́ Ẹfúndùnkẹ́ ló pè é gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Obìnrin náà ní, “Ẹ wọlé, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ọmọ mi ló kú. Wọ́n ní ará abà ló pa á, ṣùgbọ́n n kò rí ará abà kankan ní ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Ẹni tó pa á gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ wọ igbó. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ pé ó rí lọ́nà? Igi ló rí. Ó ń lọ títí igi kò fi jọ igi mọ́, ó wá dé Igbó Másùn, níbi tí àwọn àgbà ọdẹ ní ibà ti ń jáde wá. Iwin kan jókòó sí ẹnubodè rẹ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì etí. Etí wà ní iwájú rẹ̀, etí wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi etí jókòó. Ẹ̀fọn sì ń kùn nínú gbogbo wọn.

Iwin náà ní, “Ọmọ aráyé, dáhùn kí o tó kọjá. Ó kéré ju èékánná lọ. Ó wọ ààfin láìkí ẹnikẹ́ni, ó jẹ lára ọba, ọba sì gbá ara rẹ̀ létí. Ó wá fi ẹnìkan sílẹ̀ nínú ọba kó tó lọ. Ta ni?”

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín. “Ṣé èyí náà ni àlọ́? Ọmọ ọwọ́ ilé mi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọn ni.”

Gbogbo etí iwin náà dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà. “Aláìgbọ́n! Ẹṣin lo dárúkọ. Ẹni tó gun ẹṣin ni mo bi ọ́. Ẹ̀fọn mu tirẹ̀, ó fò lọ. Ta ló kù sínú ọba tó ń jẹ ẹ́ láti inú? Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ń gbá ẹṣin létí, ẹlẹ́ṣin ń sùn lórí ibùsùn yín. Kọjá. Ṣùgbọ́n nítorí pé o ṣì í, o kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè nínú igbó yìí. Ọwọ́ tó bá gòkè níbí kì í sọ̀ kalẹ̀.”

Ó wọlé. Ẹ̀fọn bò ó bí aṣọ. Wọ́n ta á létí, wọ́n ta á lójú, wọ́n ta á ní abẹ́ èékánná. Ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, ó ń rí àwọn ọdẹ tó ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n gbọ́wọ́ láti pa ẹ̀fọn, tí ọwọ́ wọn dúró sókè, tí èèpo igi hù bò wọ́n, tí wọ́n ń so èso. Ọdẹ́gbàmí há àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ abíyá. Ibikíbi tí ẹ̀fọn bá ta á, á pe orúkọ Ọ̀tún, á ṣépè. Ibi tí wọ́n ta á pọ̀, èpè náà sì pọ̀. Nígbà tó fi máa jáde lódìkejì igbó, kò sí ẹbí Ọ̀tún kan láyé àti lọ́run tí kò tíì bú. Ẹ̀yin náà ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ta ni nínú yín tí ẹ̀fọn kan ṣoṣo kì í gbé dìde lórí àkéte?

Lẹ́yìn igbó yìí ni ìlú àwọn ibà wà. Bí wọ́n ti rí nìyí: wọ́n kéré, wọ́n sì jọra bí ẹyin, àfi ilà ojú wọn nìkan ló fi ẹnìkan hàn yàtọ̀ sí ẹnìkejì. Ní àárín ìlú ni ìyá arúgbó kan jókòó tó ń pọ́n abẹ, òun ni Ìyá Olóòlà. Òun ló ń kọlà fún gbogbo wọn.

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ta ló jẹ́ kí ẹni tó ń mí wọ̀lú mi? Kí lò ń wá?”

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ilé tí ibà wa ti jáde ni mò ń wá. Wọ́n fẹ́ lé ìyàwó mi, wọ́n fẹ́ sun ilé bàbá rẹ̀.”

“Ìyàwó rẹ kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilà kàn mí, nítorí pé ẹ̀yin ènìyàn ń purọ́ mọ́ ọn.” Arúgbó náà gbé abẹ sílẹ̀. “Fetí sílẹ̀, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibà tó bá wọ ara ènìyàn, ó ń bímọ níbẹ̀ ni. Gbogbo ilà tó wà lójú baba ni mo ń kọ sójú ọmọ. Bí wọ́n bá ń ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, bó pẹ́ bó yá, mo máa ń fi tuntun kan kún un. N kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ilà rẹ̀ kéré ni àgbà, ẹni tó gbé ilà rẹ̀ tó sì ní àlékún ni ọmọ. Ọmọ kò lè ṣáájú baba rẹ̀ dáyé, ó dá mi lójú pé ẹ mọ ìyẹn ní Òkè-Ọ̀sán.”

“A mọ̀ ọ́n, Ìyá. Mo ti kó wọn wá. Ẹ bá mi ka ojú wọn.”

Ó na àwọn àdó sí i. Ìyá Olóòlà pòṣé. “Inú àdó ni n ó ti rí ojú wọn? Inú ẹ̀jẹ̀ ni ibà ti ń ṣíjú. Na apá rẹ.”

Ọdẹ́gbàmí ti rí àwọn tí ibà yìí pa. Ó rántí Ọdẹ́dínà lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù bà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rù kì í ba ọdẹ. Ó ní, “Ṣé n ó kú?”

“Bóyá. Abẹ ni mo ni, kì í ṣe ẹ̀mí.”

Ó na apá. Ó tú àdó àwọn agégẹdú, ẹ̀fọn ta á. Ó tú ti agbo ilé Ọ̀tún, ó tú ti Abà Ẹlẹ́ní. Kò pẹ́ tí ooru fi gba gbogbo ara rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin kéékèèké náà wá yọjú lábẹ́ awọ apá rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilà rẹ̀.

Ìyá Olóòlà fi ìka tọ́ ti àwọn agégẹdú. “Ilà ẹyọ kan. Èyí ni àgbà gbogbo wọn. Baba tó bí i kò nílà rárá, orí igi gíga ló ń gbé láàárín àwọn ọ̀bọ, kò bá ènìyàn jà rí. Ta ló lọ gégi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?”

Ọdẹ́gbàmí mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyá Ọ̀tún kú, Ọ̀tún ní òpó ilé ìsìnkú ìyá òun kò gbọdọ̀ jẹ́ igi lásán. Ó rán àwọn agégẹdú lọ sí igbó tí àwọn baba ńlá wọn kò gé rí.

Arúgbó náà bọ́ sórí ti agbo ilé Ọ̀tún. “Ó gbé ilà ti àkọ́kọ́, ó ní ìkejì. Ọmọ rẹ̀ ni.” Ó dé orí ti Abà Ẹlẹ́ní. “Ó gbé ti àkọ́kọ́, ó gbé ìkejì tó jẹ́ ti ilé Ọ̀tún nìkan, ó wá ní ìkẹta. Ọmọ-ọmọ ni. Láti ilé Ọ̀tún ló ti lọ sí abà. Kò ti abà wá.”

Ọ̀rọ̀ náà gbóná nínú Ọdẹ́gbàmí ju ibà lọ. Ó rántí pé àwọn ará abà ló wá tẹ́ ẹní síbi ìsìnkú náà, pé agbo ilé Ọ̀tún ni wọ́n sùn sí títí ayẹyẹ fi parí. Iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ni wọ́n wá ṣe fún òkú ìyá Ọ̀tún tí wọ́n fi kó ikú lọ sílé! Ọ̀tún yìí kan náà ló wá fẹ́ sun ilé wọn!

Ìyá Olóòlà ní, “Má tíì pariwo. Ibà kan ṣoṣo kò lè gba odindi agbo ilé láìsí ọ̀pọ̀ ẹṣin. Ibo ni ẹṣin ti ń bímọ níbẹ̀? Kí ni ẹ ń fún òkú yín mu?”

Ọdẹ́gbàmí rántí àwọn ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, nítorí pé àṣà wọn nìyí, kì í ṣe tiwa. Ní Òkè-Ọ̀sán, bí ìyá ènìyàn bá kú, wọ́n á gbé ìkòkò omi sí ẹ̀gbẹ́ sàréè rẹ̀, kí òǹgbẹ má baà gbẹ ẹ́ lọ́run. Wọn kì í bò ó, wọn kì í dà á nù títí ọdún yóò fi yípo, bí ó bá sì yípo, wọ́n á tún un pọn. Ọmọ tó bá lówó á gbé ìkòkò púpọ̀. Ti Ọ̀tún kún àgbàlá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀, á máa rú wúyẹ́wúyẹ́, àwọn ọmọ á wá pe ara wọn wò ó, inú wọn á dùn, wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ìyá ń mu omi.” Ìyá kọ́! Tanwíji ni, ọmọ ẹ̀fọn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Bó ṣe padà kò ṣe pàtàkì. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń bì. Ó dé etí odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó bá gbogbo ìlú níbẹ̀, ògùṣọ̀ ń jó lọ́wọ́ wọn, Ọ̀tún níwájú. Àwẹ̀ró dúró láàárín wọn pẹ̀lú igbá ẹrù lórí, wọ́n ti gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e dání. Ọmú rẹ̀ ń ṣẹ̀ sára aṣọ.

Ọdẹ́gbàmí gbé apá sókè. Ilà àwọn ibà náà ṣì wà lára rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ó sì sọ ìdí kọ̀ọ̀kan fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́. Ariwo sọ.

Ọ̀tún ní, “Ẹ dákẹ́! Abẹ wà nílé gbogbo ènìyàn. Èmi náà lè ha apá mi kí n ní iwin ló kọ ọ́.”

“Bí ẹ kò bá gba apá mi gbọ́, ẹ gba ojú yín gbọ́,” ni Ọdẹ́gbàmí fi fún un. “Ẹ jẹ́ ká lọ wo omi Ìyá.”

Ogunlọ́gọ̀ tẹ̀lé e dé àgbàlá Ọ̀tún. Ọdẹ́gbàmí ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílùú náà, ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò òkú, ó bu omi rẹ̀, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn. Tanwíji ń jà níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń wò ó, ọ̀kan já èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀, ó hu ìyẹ́, ó fò kọjá lẹ́bàá imú Ọ̀tún.

Ọ̀tún fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń pàṣẹ pẹ́ kì í pẹ́ wá ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá tìrẹ náà ńkọ́? Ìkòkò rẹ̀ kò ha kún ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ? Ṣé ìyá tèmi nìkan ni kí òǹgbẹ máa gbẹ lọ́run?”

Ìyá Ọdẹ́gbàmí ló fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n sá ogun. Bó bá ti igbó dé, omi ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, bó bá rí i tó ń mì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó yí padà, ó lọ sílé rẹ̀, ìlú tẹ̀lé e. Ó gbé ìkòkò náà pẹ̀lú apá tí ibà ń gbọ̀n, ó gbé e dé ojú títì.

Ó ń sunkún. “Ìyá mi, ẹ má bínú. Omi tí mo bù fún yín ló ń pa àwọn ọmọ-ọmọ yín.” Ó gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀.

Ó wo Ọ̀tún. “Mo ti fọ́ tèmi.”

Ọ̀tún kò mira. Ẹfúndùnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló yà kúrò láàárín àwọn obìnrin. Kò wo ọkọ rẹ̀, kò bi í. Ó mú ọmọ odó kan níwájú ilé tó wà nítòsí, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ìkòkò ti ń fọ́. Ó ń fọ́ wọn, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú. Ni àwọn yòókù bá wọlé, oníkálukú lọ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá tirẹ̀. Omi ń ṣàn gba ojú títì. Ọdẹ́gbàmí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò lè dìde mọ́. Ẹ má bẹ̀rù, kò kú. Bó bá kú, ta ni ì bá kọ́ mi ní ìbọn?

Nígbà tó yá, Ọ̀tún wúkọ́. “Ó dára. Ọ̀rọ̀ ti parí. Kí oníkálukú máa lọ sílé.”

“Kò tíì parí, Baba.” Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀. Ó ti sọ igbá ẹrù kalẹ̀, ó ti gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì ti fún un lọ́mú níbi tó dúró sí. “Ẹ wo ọwọ́ yín.”

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Ògùṣọ̀ tí wọ́n tàn fún ilé bàbá rẹ̀ ṣì ń jó. Ìtìjú mú wọn, wọn kò mọ ibi tí wọn ó fi í sí. Àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ tẹ̀ba, ó ti tirẹ̀ bọ inú omi tó ti inú ìkòkò ìyá rẹ̀ ṣàn wá, iná náà kú. Ẹnìkan tẹ̀lé e, ẹlòmíràn tẹ̀lé e, títí ó fi ku ti Ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti fa omi mu. Kò sí ibi tó ṣẹ́ kù tó ní omi àfi inú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró. Ọ̀tún Làgbàyí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó bá a gbà á. Ó rọra kúnlẹ̀, ó ti ògùṣọ̀ rẹ̀ bọ ẹrẹ̀ náà, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí kò fi sí èéfín mọ́. Àwẹ̀ró ń fún ọmọ lọ́mú. Kò sọ fún un pé kó dìde.